Méjì Lọ́wọ́, Mẹ́ta Nílẹ̀: Bí Pókà Omaha Ṣe Dé

Éèsì mẹ́rin ni àlá gbogbo ẹni tó ń ta pókà. Nínú pókà àtijọ́, ẹni tó bá kó wọn jọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé rẹ̀ á máa ròyìn rẹ̀ títí ewú á fi bo orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí éèsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá bọ́ sọ́wọ́ ènìyàn níbi tí wọ́n ti ń ta pókà Omaha, òfò ni. Méjì péré ni òfin gbà á láàyè láti lò nínú káàdì mẹ́rin ọwọ́ rẹ̀. Méjì tó kù di ẹrù tí kò ṣeé rù, tí kò sì ṣeé sọ̀. Éèsì karùn-ún kò sì sí láyé tí ì bá jáde nílẹ̀ wá gbà á. Ọ̀pọ̀ àgbà tábìlì á rọra tì wọ́n sáàárín, wọ́n á dúró de ìgbà tí wọ́n bá tún pín òmíràn.

Bí wọ́n ṣe ń ta á kò le. Olúkúlùkù á gba káàdì mẹ́rin tí ojú ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ tó. Wọ́n á fi owó lélẹ̀. Wọ́n á wá ṣí káàdì mẹ́ta sáàárín tábìlì lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́yìn náà ìkẹrin, lẹ́yìn náà ìkarùn-ún, owó á sì máa wọlé láàárín ṣíṣí kan sí èkejì. Káàdì ilẹ̀ márùn-ún yìí, ti gbogbo wọn ni. Nígbà tí ó bá di àṣekágbá, àwọn tó kù lórí tábìlì á mú méjì lọ́wọ́, wọ́n á mú mẹ́ta nílẹ̀, wọ́n á fi to ọ̀wọ́ oníkáàdì márùn-ún. Wọn ò gbọdọ̀ mú ẹyọ kan lọ́wọ́, wọn ò gbọdọ̀ mú mẹ́ta. Ẹni tó ní éèsì sípéèdì kan ṣoṣo, tí sípéèdì mẹ́rin sì tò sílẹ̀ níwájú rẹ̀, asán ló ní. Nínú Hold'em, tí í ṣe ẹ̀gbọ́n Omaha, ẹni bẹ́ẹ̀ ni ì bá palẹ̀ owó mọ́. Títí dòní, ibẹ̀ ni àjèjì ti kọ́kọ́ ń pàdánù.

Pókà fúnra rẹ̀ ti dàgbà kí Omaha tó yọjú. Agbègbè New Orleans ló ti gbilẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ọkọ̀ ojú omi tó ń ná odò Mississippi ló sì gbé e káàkiri Amẹ́ríkà. Joseph Cowell, òṣèré orí ìtàgé kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rí i tí wọ́n ń ta á nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní 1829. Káàdì 20 ni wọ́n ń lò nígbà náà: éèsì, ọba, ayaba, jáàkì àti 10 nìkan. Márùn-ún fún ẹnì kan, ènìyàn mẹ́rin, káàdì tán. Ní 1843, Jonathan Green, ògbólógbòó onítẹ́tẹ́ tó ronú pìwà dà, kọ ìwé kan tó fi tú àṣírí ẹgbẹ́ rẹ̀ àtijọ́, ó sì ṣàlàyé eré yìí nínú rẹ̀. Kò pẹ́ tí káàdì fi di 52, tí wọ́n sì gbà kí ènìyàn dá èyí tí kò wù ú padà kó gba òmíràn. Lẹ́yìn ìyẹn ni oríṣi kan tún dé tí wọ́n ti ń ṣí apá kan káàdì ẹni sílẹ̀ fún gbogbo tábìlì láti rí.

Èyí tó bí Omaha ni Hold'em. Robstown, ìlú kékeré kan ní Texas, ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ náà fọwọ́ sí ní 2007 pé ibẹ̀ ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Káàdì méjì lọ́wọ́, márùn-ún nílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, kí oníkálukú sì lo èyí tó bá wù ú. Àwọn onítẹ́tẹ́ arìnrìn-àjò Texas, tí Doyle Brunson wà lára wọn, ń gbé e láti ìlú dé ìlú. Felton McCorquodale ló gbé e dé Las Vegas ní 1963, nílé tẹ́tẹ́ tí wọ́n ń pè ní California Club. Ohun tuntun tó wà nínú rẹ̀ ni káàdì ilẹ̀ yẹn. Nígbà tó ti jẹ́ pé márùn-ún ni gbogbo tábìlì ń pín lò, káàdì kì í tètè tán, ènìyàn mẹ́wàá lè jókòó. Ẹni tó bá sì ní ọpọlọ òwò á bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara rẹ̀ pé: níwọ̀n ìgbà tí káàdì ṣì kù, kí ló dé tí a kò fi kún èyí tó wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn?

Ọ̀gbẹ́ni Bill Boyd mọ òwò náà ju ọ̀pọ̀ lọ. Láti 1946 tí Golden Nugget ti ṣílẹ̀kùn ní Fremont Street ní Las Vegas ló ti ń bójú tó yàrá káàdì ibẹ̀, kò sì kúrò níbẹ̀ títí wọ́n fi ti yàrá náà pa ní 1988. Ọmọ Arkansas ni. Láti 1971 dé 1974, ọdún mẹ́rin léraléra, òun ló gba ipò kìíní nínú ìdíje pókà oníkáàdì márùn-ún níbi ìdíje àgbáyé tí Benny Binion dá sílẹ̀ nílé tẹ́tẹ́ Horseshoe tó dojú kọ Golden Nugget. Nínú eré tirẹ̀ yẹn, káàdì kan ṣoṣo ló máa ń fara pamọ́. Mẹ́rin yòókù, gbogbo ayé ló ń wò wọ́n. Eré àwọn onísùúrù ni. Wọ́n á jókòó fún wákàtí, wọ́n á ju káàdì sílẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, owó díẹ̀ á wọlé. Ó yani lẹ́nu pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló wá fi tábìlì rẹ̀ gbàlejò eré tí kò ní sùúrù rárá.

Robert Turner ló gbé e wá bá a ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Òun náà ń ta káàdì, kì í ṣe olówó ilé tẹ́tẹ́. Ó júwe eré oníkáàdì mẹ́rin náà fún Boyd, Boyd sì gbà kí wọ́n gbé tábìlì kan kalẹ̀ fún un. "Nugget Hold'em" ni orúkọ tí Boyd fún un, nítorí kò sí oníṣòwò tí kò fẹ́ kí orúkọ ilé rẹ̀ wà lára ọjà tuntun. Orúkọ yẹn kò pẹ́. Omaha, tí í ṣe orúkọ ìlú kan ní Nebraska, ló borí.

Kí ilé tẹ́tẹ́ tó gba eré tuntun, yóò kọ́kọ́ wo àǹfààní tó wà níbẹ̀. Nínú pókà, ilé tẹ́tẹ́ kì í bá oníbàárà ta á. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń yọ nínú owó àárín, tàbí kí wọ́n gba owó ìjókòó. Tábìlì tí gbogbo ènìyàn ti ń ju káàdì sílẹ̀ kò mówó wọlé. Èyí tí wọ́n fẹ́ ni tábìlì tí ènìyàn márùn-ún, mẹ́fà, á ti máa fowó tẹ̀lé ara wọn títí káàdì ìkẹyìn á fi ṣí. Ohun tí Turner gbé wá gan-an nìyẹn. Nínú Hold'em, káàdì méjì ọwọ́ ẹni, ọ̀nà kan ṣoṣo ló ní láti so pọ̀. Nínú Omaha, a lè so káàdì mẹ́rin pọ̀ ní méjì-méjì lọ́nà mẹ́fà. Ó dà bí ẹni pé ọwọ́ Hold'em mẹ́fà ni ènìyàn kan dì mú pọ̀. Ta ló fẹ́ ju ọwọ́ mẹ́fà sílẹ̀?

Ibẹ̀ ni ẹ̀tàn rẹ̀ wà. Ẹni tó ní ọwọ́ mẹ́fà rò pé òun ti di ọlọ́rọ̀, kò rántí pé ẹni tó jókòó tì í náà ní mẹ́fà. Bí ènìyàn mẹ́sàn-án bá wà lórí tábìlì, ọwọ́ 54 ló ń jà sí káàdì ilẹ̀ márùn-ún. Nínú Hold'em, ọ̀wọ́ tó dára níwọ̀nba sábà máa ń borí. Nínú Omaha, nígbà tí tábìlì bá kún, ọ̀wọ́ tó ga jù lọ tí káàdì ilẹ̀ gbà láyè sábà máa ń wà lọ́wọ́ ẹnì kan. Ọ̀gá ọ̀wọ́ la ó máa pè é níhìn-ín. Ẹni tó bá mú igbákejì ọ̀gá, òun gan-an ló ń náwó, torí pé kò lè gbà pé ẹnì kan ga ju òun lọ. Láti ọdún kìíní ni àwọn tó ń jẹun nídìí Omaha ti mọ èyí, ọgbọ́n tí wọ́n sì fi ń ta á lòdì pátápátá sí ìdí tí ilé tẹ́tẹ́ fi gbé e kalẹ̀. Ilé tẹ́tẹ́ fẹ́ kí gbogbo ènìyàn wọlé. Ọlọ́gbọ́n ń wá ìdí tí kò fi ní wọlé.

Ẹ jẹ́ ká wo ọwọ́ kan fínnífínní. Jáàkì, 10, 7 àti 6 ló wà lọ́wọ́ ẹnì kan. Wọ́n ṣí 9, 8 àti 2 sílẹ̀, àmì wọn kò sì bára mu. Káàdì márùn-ún tó tẹ̀léra ló ń wá. Gbogbo ayaba mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè parí rẹ̀ fún un, gbogbo 5 mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà lè parí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni jáàkì mẹ́ta tó kù, 10 mẹ́ta, 7 mẹ́ta àti 6 mẹ́ta. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 20 nínú 45 tí ojú rẹ̀ kò tíì rí. Wọ́n ṣì máa ṣí káàdì lẹ́ẹ̀mejì, nítorí náà bí ìgbà 70 nínú 100 ni ọ̀kan nínú wọn á jáde. Nínú Hold'em, ẹni tó ń wá irú ọ̀wọ́ yìí kì í ní ju káàdì mẹ́jọ tó lè gbà á. Abájọ tí àwọn tó wá láti ìdí Hold'em fi ń rò pé ayé ti gbà wọ́n nígbà tí wọ́n bá rí 20.

Ṣùgbọ́n nínú 20 yẹn, 14 péré ló ń sọ ọ́ di ọ̀gá. Bí 10 bá jáde, ọ̀wọ́ tirẹ̀ parí sórí jáàkì. Ẹni tó bá di ayaba pẹ̀lú jáàkì mú á kàn wò ó, á sì kó owó lọ. Bí jáàkì bá jáde, ẹni tó ní ayaba pẹ̀lú 10 ló ni ín. Káàdì mẹ́fà wọ̀nyẹn ló ń ba ènìyàn jẹ́, torí pé ayọ̀ ni wọ́n fi ń wọlé. Àwọn àgbà tábìlì kì í ka iye káàdì tó lè gbà wọ́n nìkan. Iye èyí tó lè gbà wọ́n láìfi ìyà pamọ́ ni wọ́n ń kà.

Ọ̀rọ̀ éèsì méjì náà nìyí. Nínú Hold'em, ẹ̀ẹ̀kan nínú 221 ni wọ́n ń pín éèsì méjì fún ènìyàn, ìgbà tó bá sì ṣẹlẹ̀, kò sí ọwọ́ tó dára tó o. Nínú Omaha, éèsì méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ń bọ́ síni lọ́wọ́ bí ẹ̀ẹ̀kan nínú 39. Èyí tó dára jù nínú gbogbo wọn ni éèsì méjì pẹ̀lú ọba méjì, tí àmì wọn sì bára mu ní méjì-méjì. Èyí tí éèsì méjì bá 8 àti 3 rìn, tí àmì kálukú sì yàtọ̀, ìgbéraga lásán ni. Bí káàdì ilẹ̀ bá ti ṣí, éèsì méjì yẹn ló ń dá ja ogun tí ẹni mẹ́rin ń jà. Ẹni tó di 10, 9, 8, 7 mú lè fi ẹ̀rín bá a wọlé. Ìmọ̀ràn àwọn àgbà lórí ọwọ́ ìbẹ̀rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà láti ìgbà Boyd: kí káàdì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ ara wọn. Bí mẹ́ta bá ń bá ara wọn ṣiṣẹ́ tí ìkẹrin sì dá dúró bí àlejò, ọ̀nà mẹ́ta péré ló kù nínú mẹ́fà.

Ìdíje àgbáyé Binion kò jẹ́ kí eré náà pẹ́ nílẹ̀. Ní 1983 wọ́n ti fi Omaha sí àkójọ ìdíje níbẹ̀. Ní 1984, Dewey Tomko gba ipò kìíní nínú ìdíje Omaha oníwọ̀n-owó-àárín, èyí tí ènìyàn kò ti lè fi ju iye tó wà láàárín lélẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Olùkọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni Tomko ní Florida kó tó di onítẹ́tẹ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ibẹ̀ ló ti kọ́ sùúrù.

Ọdún 1984 yẹn kan náà ni Bob Ciaffone gbé ìwé jáde lórí Omaha. Ìwé ńlá Doyle Brunson, Super/System, ti wà láti ọdún 1979, ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀ Omaha, torí pé eré náà kò tíì dé Las Vegas nígbà náà. Ọdún 2005, nínú ẹ̀dà kejì, ni Bobby Baldwin àti Lyle Berman tó kọ orí kọ̀ọ̀kan lé e lórí. Láàárín ìgbà méjèèjì, ẹnu ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi kọ́ ọ, owó ni wọ́n sì fi san owó ilé ìwé. Ciaffone mọ ayò chess dáadáa, ó sì ṣe ipò kẹta nínú ìdíje ńlá ti 1987. Nígbà tí ó ṣe, ó bá Stewart Reuben, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí gbogbo ayé mọ̀ sí adájọ́ ìdíje chess, pa ọgbọ́n pọ̀ láti kọ ìwé lórí pókà oníwọ̀n-owó-àárín. Ẹni tó bá ka ìwé wọn á mọ̀ pé ojú ẹni tó ń ta chess ni wọ́n fi wo káàdì: kí ni ọ̀tá lè ní, kí ni èmi lè dà lọ́la, èwo nínú ọ̀nà wọ̀nyí ni kò lè pa mí lára.

Wọ́n fi ohun kan hàn tí kò sí nínú Hold'em bẹ́ẹ̀. Ká ní 9 àti 8 háàtì ló wà nílẹ̀ pẹ̀lú 7 kílọ́ọ̀bù. Ẹni méjì ní jáàkì pẹ̀lú 10, àwọn méjèèjì ló ní ọ̀gá ọ̀wọ́ lásìkò yẹn. Ṣùgbọ́n háàtì méjì wà lára káàdì ẹnì kìíní, ẹnì kejì kò sì ní nǹkan mìíràn. Bí háàtì kan bá jáde, ẹnì kìíní kó gbogbo owó. Bí kò bá jáde, wọ́n á pín in dọ́gba. Ẹnì kejì kò ní ọ̀nà kankan tó lè gbà borí; ó kàn lè pín, tàbí kó pàdánù. Nítorí náà, nígbà tí owó bá ti pọ̀ tó, ìgbà mìíràn wà tó yẹ kí ènìyàn ju ọ̀gá ọ̀wọ́ sílẹ̀ nígbà tí káàdì méjì ṣì kù láti ṣí. Ẹni tó bá sọ èyí fún ará Texas àtijọ́, wọ́n á ní orí rẹ̀ ti dàrú.

Ní California, òfin ló gbé ẹsẹ̀ Omaha dúró fún ìgbà díẹ̀. Láti 1885 ni òfin ìpínlẹ̀ náà ti ka oríṣi tẹ́tẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní "stud-horse poker" léèwọ̀, kò sì pẹ́ tí kò sí ẹni tó lè sọ ní pàtó ohun tí ẹṣin ń wá nídìí káàdì. Pókà àtijọ́ tí a ti ń pààrọ̀ káàdì nìkan ni wọ́n gbà láyè, òun sì ni àwọn ilé káàdì Gardena, lẹ́bàá Los Angeles, ti ń ta láti 1936. Ní 1987 ni ilé ẹjọ́ wá ṣí ọ̀nà fún Hold'em àti àwọn ìbátan rẹ̀. Omaha gba ibẹ̀ wọlé, ní pàtàkì oríṣi tí wọ́n ti ń pín owó àárín sí méjì, ìdajì fún ọ̀wọ́ tó ga jù, ìdajì fún èyí tó kéré jù, tí káàdì rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju 8 lọ. Ìdajì-ìdajì yìí mú kí tábìlì kún sí i, torí ẹni tí kò rí òkè á ní òun ń wá ìsàlẹ̀. Ọgbọ́n ibẹ̀ ṣe ṣókí: éèsì pẹ̀lú 2 ni ìpìlẹ̀, ẹni tó bá sì ń lé ìdajì owó nìkan ń ṣiṣẹ́ lásán.

Ní Yúróòpù, eré náà gba ojú mìíràn. Ní Amẹ́ríkà nígbà náà, iye owó tí ènìyàn lè fi lélẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sábà máa ń ní gbèdéke pàtó, dọ́là mẹ́wàá, ogún, bí tábìlì bá ṣe tó. Ní Lọ́ńdọ̀nù, nílé tẹ́tẹ́ Victoria ní Edgware Road, àti ní Dublin àti Paris, iye tó wà láàárín ni gbèdéke. Bí 100 pọ́n-ùn bá wà láàárín, ènìyàn lè fi 100 lélẹ̀. Bí ẹnì kan bá bá a san, 300 ti wà níbẹ̀. Bó bá tún fi 300 lé e, tí wọ́n tún bá a san, 900 ló dà. Lẹ́yìn káàdì ìkẹyìn, 2,700. Owó tó bẹ̀rẹ̀ bíi ti owó oúnjẹ alẹ́ ti di owó ilé kí tíì tó tutù.

Irú ètò yìí ló mú kí ìhalẹ̀ wúlò nínú Omaha, eré tí gbogbo ènìyàn gbà pé kò sí ìhalẹ̀ nínú rẹ̀. Bí sípéèdì mẹ́ta bá wà nílẹ̀, ẹni tó ní éèsì sípéèdì pẹ̀lú sípéèdì mìíràn ló ni ọ̀gá ọ̀wọ́. Ká wá ní ẹnì kan ní éèsì sípéèdì náà, ṣùgbọ́n kò ní sípéèdì kejì. Káàdì márùn-ún alámì kan kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, òfin méjì lọ́wọ́ ti dè é. Síbẹ̀ ó mọ ohun kan dájú tí ẹlòmíràn kò mọ̀: kò sí ẹni tó lè ní ọ̀gá, torí pé òun ló di éèsì náà mú. Á wá fi iye owó àárín lélẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á tún fi lélẹ̀ nígbà kejì, á tún fi lélẹ̀ nígbà kẹta. Ẹni tó ní ọba sípéèdì pẹ̀lú ìkejì rẹ̀ á máa làágùn. Lójú òǹkọ̀wé yìí, kò sí ibòmíràn nínú pókà tí ìmọ̀ ti di ohun ìjà báyìí. Irọ́ ni ọkùnrin náà ń pa, ṣùgbọ́n òtítọ́ kan ló fi ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀.

Tẹlifíṣọ̀n ló wá fẹ́rẹ̀ẹ́ mú kí ayé gbàgbé Omaha. Nígbà tí ètò Late Night Poker bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1999, kámẹ́rà tó ń wo káàdì láti abẹ́ tábìlì jẹ́ kí aráalé rí ohun tí òǹta ń fi pamọ́, ọ̀rọ̀ náà sì dùn. Ní 2003, Chris Moneymaker, akáǹtà láti Tennessee, gba ìdíje àgbáyé, Hold'em sì gba ayé kan. Káàdì méjì, ojú á kà á lọ́gán. Káàdì mẹ́rin lọ́wọ́ ènìyàn mẹ́fà, òǹwòran á ṣì máa ka tẹni kìíní nígbà tí eré bá ti parí.

Íntánẹ́ẹ̀tì ló gbà á là. Kọ̀ǹpútà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe àṣìṣe lórí òfin méjì lọ́wọ́, ó sì ń pín káàdì kíákíá. Àwọn ọ̀dọ́ Fínláǹdì àti Swídìn ló kọ́kọ́ sọ ọ́ di eré olówó gọbọi. Ní ọjọ́ 21 oṣù kọkànlá ọdún 2009, Patrik Antonius, ọmọ Fínláǹdì, jókòó lórí Full Tilt, ilé pókà orí íntánẹ́ẹ̀tì kan, ní ìdojúkọ ẹnì kan tí orúkọ rẹ̀ kò ju Isildur1 lọ. Antonius ní éèsì háàtì, ọba sípéèdì, ọba háàtì àti 3 sípéèdì. Isildur1 ní 9, 8, 7 àti 6. Wọ́n ṣí 4, 5 àti 2. Ojú gbogbo ènìyàn á kọ́kọ́ lọ sí ọba méjì ọwọ́ Antonius, ṣùgbọ́n ọba kò ṣiṣẹ́ kankan lọ́jọ́ náà. Éèsì àti 3 ló bá ilẹ̀ mu: éèsì, 2, 3, 4, 5. Isildur1 ń wá 3, 6, 7 tàbí 8. 5 ló tẹ̀lé e, 9 ló kẹ́yìn, kò sì rí èyí tó ń wá. Owó tó wà láàárín lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là àti 356,000. Títí di ọjọ́ náà, kò tíì sí iye tó tó bẹ́ẹ̀ lórí tábìlì íntánẹ́ẹ̀tì kankan rí.

Nígbà tó di oṣù kejìlá ọdún yẹn, Brian Hastings, ọ̀dọ́kùnrin Amẹ́ríkà kan, gba nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là ó lé díẹ̀ lọ́wọ́ Isildur1 kan náà láàárín wákàtí bíi márùn-ún, Omaha ni wọ́n sì ta. Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, torí pé òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti kó àkọsílẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọwọ́ tí Isildur1 ti ta jọ, tí wọ́n sì jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣé ìwé kíkà nìyẹn, àbí ìrẹ́jẹ? Tábìlì Boyd kò ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ohun tí ènìyàn bá rántí nípa ọ̀tá rẹ̀ nìkan ló ní. Ní oṣù kìíní 2011, ní Bahamas, Isildur1 jáde sí gbangba: Viktor Blom, ọmọ Swídìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ní ogún ọdún. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin, ìjọba Amẹ́ríkà ti àwọn ilé pókà ńlá orí íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ àwọn ará ìlú rẹ̀, Full Tilt sì wà lára wọn.

Ẹ̀rọ kò tètè borí Omaha bó ṣe borí ìbátan rẹ̀. Ní 2015, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Alberta ní Kánádà kéde pé kọ̀ǹpútà àwọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yanjú Hold'em oníye-pàtó láàárín ènìyàn méjì tán. Bí a bá wo kìkì bóyá àmì bára mu, láìka irú àmì tó jẹ́ sí, oríṣi ọwọ́ ìbẹ̀rẹ̀ Hold'em jẹ́ 169. Ẹni tó bá fara balẹ̀ lè há wọn sórí láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ti Omaha jẹ́ 16,432. Àwọn ohun èlò ìṣirò tí àwọn òǹta ń lò lónìí ń gba kọ̀ǹpútà alágbára, èsì wọn sì ń fìdí púpọ̀ nínú ohun tí àwọn àgbà Fremont Street ti ń sọ múlẹ̀, pẹ̀lú àtúnṣe kan: éèsì méjì dára ju bí àwọn tó ti jóná nídìí rẹ̀ ṣe rò lọ, bí ó bá ti lè ní ọ̀rẹ́ kan lára káàdì méjì yòókù.

Àwọn ilé tẹ́tẹ́ kò sì dúró lójú kan. Bí gbogbo ènìyàn bá ti kọ́ sùúrù lórí káàdì mẹ́rin, owó àárín á rọ, wọ́n á wá fi ìkarùn-ún kún un. Ní Lọ́ńdọ̀nù, Omaha oníkáàdì márùn-ún ti di ojoojúmọ́. Ní Paris, oríṣi kan wà tó ń jẹ́ Courchevel, tí wọ́n ti ń ṣí káàdì ilẹ̀ kan kí owó àkọ́kọ́ tó wọlé. Ní Amẹ́ríkà, Big O, oníkáàdì márùn-ún tí wọ́n ti ń pín owó sí òkè àti ìsàlẹ̀, ti gba yàrá káàdì púpọ̀. Káàdì márùn-ún, ọ̀nà mẹ́wàá láti so méjì pọ̀. Wọ́n ti dé orí mẹ́fà báyìí, ọ̀nà 15. Ibẹ̀ ni káàdì 52 ti dí ọ̀nà mọ́ wọn: ènìyàn mẹ́jọ á gba 48, ilẹ̀ ń bèèrè márùn-ún, kò pé mọ́. Méje ló lè jókòó, bí ẹni tó ń pín káàdì bá sì ju ẹyọ kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó ṣí ilẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà, méjì péré ló máa kù lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí.